Ọ̀kan Láàárín Méje: Ìgbésí-Ayé àti Iṣẹ́ Adájọ́ Káyọ̀dé Eso, 1925–2012

1. Ìfáàrà

Nínú bébà yìí, a fẹ́ yẹ ìgbésí-ayé àti iṣẹ́ Adájọ́ Káyọ̀dé Eso wò, ọmọ bíbí Iléṣà tí ó jókòó ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Nàìjíríà láti 1978 títí di 1990. Gbogbo ohun tí ó ṣe láyé kò lè gba inú ewé ìwé díẹ̀ bí èyí. Ẹjọ́ mẹ́rin ni a mú, a sì fẹ́ tò wọ́n síwájú ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, kí a lè wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan: kí ni ó mú kí adájọ́ kan dá dúró nígbà tí mẹ́fà yòókù gba ọ̀nà mìíràn lọ?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun lẹ́nu àwọn ará ilé wa. Ní Àjọwá-Àkókó, níbi tí a ti tọ́ ẹni tí ń kọ bébà yìí dàgbà, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Eso níbi tí àwọn àgbà jókòó sí, ọ̀rọ̀ ìbò 1979 ni yóò tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n sì máa ń sọ ni pé ọmọ wa ni, ó gbè wá. Ìyìn ni wọ́n pe èyí. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ọ̀rọ̀ náà wò tinú-tẹ̀yìn, ẹ̀sùn ni, nítorí pé adájọ́ tí ó gbè ènìyàn rẹ̀ kò sàn ju adájọ́ tí ó gba rìbá lọ. Kìkì pé owó kò ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn Alhaji Shehu Shagari nígbà náà ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà gan-an, àfi pé ìbínú ni wọ́n fi ń sọ tiwọn. Apá méjèèjì ni ó gbà pé ẹ̀jẹ̀ ni ó sọ̀rọ̀ lẹ́nu adájọ́ náà, pé kì í ṣe òfin. Èrò tiwa ni pé apá méjèèjì ni ó ṣì í. Ẹni tí ó bá ka ìdájọ́ kan ṣoṣo lè gbà wọ́n gbọ́. Ẹni tí ó bá ka mẹ́rin pọ̀ kò ní gbà wọ́n gbọ́.

2. Ìbẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ 18 oṣù Owéwe, 1925, ni a bí i ní Iléṣà. A kò ní pẹ́ lórí ìgbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rántí irú ìlú tí Iléṣà jẹ́ ní àkókò náà. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ni oníṣòwò aṣọ tí a mọ̀ sí òṣómàáló káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ wa ní Àkókó pẹ̀lú. Wọn a ta aṣọ ní àwìn, bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò sì ní dìde títí wọn yóò fi gba owó wọn pé. Àwọn ìyá wa àgbà ṣì ń fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀. Owó aṣọ yìí ni ó rán ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ìjọ, tí ó sì rán àwọn mìíràn kọjá òkun.

Eso kàwé òfin ní Trinity College ní Dublin, olú-ìlú Ireland, a sì pè é sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Lincoln's Inn ní London ní àárín ẹ̀wádún 1950. Ní ayé ìgbà náà, kò sí ibì kan ní Nàìjíríà tí ènìyàn ti lè kọ́ṣẹ́ amòfin. 1962 ni a tó ṣe òfin tí ó dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin ilẹ̀ wa sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ di lọ́yà gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Àwọn tí ó ṣíwájú rẹ̀ lọ́nà yìí kò pọ̀: Olúmúyìwá Jibówú ti jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́, Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá sì di olórí àwọn adájọ́ fún gbogbo Nàìjíríà ní 1958, òun ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí yóò wà nípò náà. Títí di 1963, ẹjọ́ tí ó bá le ju ti ilé lọ, London ni a ń gbé e lọ, kí àwọn adájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì tó parí rẹ̀. Inú irú ètò ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ni Eso bọ́ sí. Ó ṣiṣẹ́ agbẹjọ́rò fún ìgbà díẹ̀, ó wọ iṣẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ní 1965 ni wọ́n sì fi í joyè adájọ́ ní Ìbàdàn. Bí ènìyàn bá ń wá ọdún tí ó burú jù lọ láti di adájọ́ ní Ìbàdàn, 1965 ni ìbá mú.

3. Ẹjọ́ rẹ́díò, Ìbàdàn, 1965

Ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀wàrà, 1965, ni a dìbò ilé aṣòfin Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹgbẹ́ Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá kéde pé àwọn ni ó wọlé. Àwọn alátakò ní èrú ni. Ohun tí ó tẹ̀ lé e kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ní àgbà nílé: iná, pẹtiróò, ọ̀rọ̀ tí a ń pè ní wẹ́tìẹ̀, àwọn ilé tí ó jó kanlẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbò, wọ́n ti gba ohùn Olóyè Akíntọ́lá sílẹ̀ sínú téèpù, wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí rẹ́díò ní Ìbàdàn, nígbà tí ọkùnrin kan tí ó mú ìbọn lọ́wọ́ wọ inú ilé-iṣẹ́ rẹ́díò náà. Ó mú kí àwọn òṣìṣẹ́ yọ téèpù olórí ìjọba kúrò, ó sì fi tirẹ̀ sí i. Àwọn tí ń gbọ́ rẹ́díò gbọ́ ohùn mìíràn tí ń sọ fún Akíntọ́lá pé kí ó kó ẹrù rẹ̀, kí ó máa lọ. Wọ́n tètè pa ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde.

Wole Soyinka, tí ó jẹ́ ẹni ọdún 31 nígbà náà, ni àwọn ọlọ́pàá mú. Ẹjọ́ náà bọ́ sí iwájú Eso.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀. Adájọ́ yìí kò tíì lo ọdún kan lórí àga. Ìjọba tí ó yàn án ni a fi ìbọn dójú tì. Olórí ìjọba náà wà láàyè, ó wà lórí oyè, agbára gbígbé òṣìṣẹ́ láti ibì kan sí ibì kejì sì wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Bí adájọ́ náà bá dá Soyinka lẹ́bi, kò sí ẹni tí yóò bi í ní ìdí nínú àwọn tí ó lágbára. Bí ó bá dá a sílẹ̀, wọn yóò ní alátakò ni.

Ohun tí ó ṣe ni pé ó fetí sí àwọn ẹlẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu. Èyí tí ọ̀kan sọ nípa ọkùnrin oníbọn náà, òmíràn sọ ohun tí ó takò ó, ìjọba kò sì lè so ìtakò wọ̀nyẹn pọ̀ kí ó di ẹ̀rí kan tí ènìyàn lè fi ọkàn tán. Òfin sọ pé bí iyèméjì bá wà, ti ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ni iyèméjì náà. Ní oṣù Ọ̀pẹ, 1965, Eso dá Soyinka sílẹ̀. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn ìgbà náà tí àwọn ọmọ ogun gba ìjọba, tí wọ́n sì pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1966.

Ọ̀rọ̀ náà ní ìrù. Nínú ìwé ìrántí ara rẹ̀ tí ó tẹ̀ jáde ní 2006, Soyinka jẹ́wọ́ pé òun ni. Àwọn kan wá fi èyí sọ pé adájọ́ náà gba ìgbàkugbà, pé ó tú ẹlẹ́ṣẹ̀ sílẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ adájọ́ kì í ṣe láti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ babaláwo nìyẹn. Iṣẹ́ adájọ́ ni láti wo ohun tí a mú wá síwájú rẹ̀, kí ó sì sọ bóyá ó tó tàbí kò tó. Ìjọba mú ẹ̀rí tí kò tó wá, ó sì bá òfo lọ ilé. Eso fúnra rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ títí ó fi dàgbà: orúkọ tí ó fún ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 2002 ni The Mystery Gunman, ó sì lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ó fi ń ro ọ̀rọ̀ oníbọn náà.

4. Méjìlá àti ìdá méjì nínú mẹ́ta

A bọ́ sí ẹjọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Lẹ́yìn 1965, Eso ti gun àkàbà iṣẹ́ rẹ̀ lọ sókè. Ó dé Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 1976, ó sì wọ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní 1978. Ọdún kan péré lẹ́yìn ìgbà náà ni a gbé ẹjọ́ Awólọ́wọ̀ àti Shagari dé.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ó yẹ kí a ka òfin náà bí ó ṣe rí. Dìkírì Ìdìbò ti 1977 sọ pé ẹni tí yóò bá di Ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìbò tí ó pọ̀ jù lọ, ó sì gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò tí a dì nínú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ni ó wà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 kì í ṣe iye tí ó gún: méjìlá ni, pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta. Nígbà tí a ka ìbò ní oṣù Ògún, 1979, Shagari ní 5,688,857, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 4,916,651. Shagari ní ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìpínlẹ̀ méjìlá. Ìpínlẹ̀ kẹtàlá tí ó súnmọ́ ọn jù ni Kánò, níbi tí a ti di ìbò 1,220,763, tí Shagari sì ní 243,423. Ìyẹn kò tó ogún nínú ọgọ́rùn-ún.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Ògún, àjọ tí ń rí sí ìdìbò, FEDECO, kéde pé Shagari ti wọlé. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni èyí tí agbẹjọ́rò Shagari, Olóyè Richard Akínjídé, ọmọ Ìbàdàn, là sílẹ̀: a kò nílò gbogbo Kánò, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ni a nílò. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 1,220,763 jẹ́ 813,842. Ìdá kan nínú mẹ́rin èyí lé díẹ̀ ní 203,460. Shagari ní 243,423. Nítorí náà, wọ́n ní ó ti kọjá.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gé iṣu sí mẹ́ta kò lè gé apá ẹnìkan kí ó fi apá ẹnìkejì sílẹ̀ lódindi. Bí a bá gé ìbò gbogbo Kánò kù sí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìbò tí Shagari ní níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ abẹ ọ̀bẹ kan náà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 243,423 jẹ́ 162,282, èyí kò sì tó 203,460 rárá. Àwọn agbẹjọ́rò Awólọ́wọ̀, tí Olóyè G.O.K. Àjàyí ṣe olórí wọn, ṣe àlàyé yìí fún ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ ìbò tí Adájọ́ B.O. Kazeem jẹ́ alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà dá wọn lẹ́bi ní ọjọ́ 10 oṣù Owéwe. Wọ́n gbé e lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ìjọba ológun ti fi ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàrà sí ọjọ́ tí wọn yóò gbé ìjọba lé àwọn alágbádá lọ́wọ́. Àkókò kò sí.

Ọjọ́ 26 oṣù Owéwe, 1979, ni ìdájọ́ jáde. Adájọ́ méje ni ó jókòó, Atanda Fatayi-Williams ni olórí wọn. Mẹ́fà gbà pé kí a da ẹjọ́ Awólọ́wọ̀ nù. Nínú mẹ́fà wọ̀nyẹn, Adájọ́ Obaseki kò gbà pé a lè gé ìpínlẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ó ní ìpínlẹ̀ mẹ́tàlá ni òfin ń béèrè. Ṣùgbọ́n ó ní ìbò náà bá òfin mu débi tí kò fi yẹ kí a fagi lé e. Eso nìkan ni ó bá ọ̀rọ̀ náà lọ dé òpin rẹ̀. Ó ní ìpínlẹ̀ jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí kò ṣe é pín, pé nígbà tí òfin sọ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìpínlẹ̀ tí ó pé ni ó ń sọ. Bí méjìlá kò bá tó, mẹ́tàlá ni ó kàn. Shagari kò ní mẹ́tàlá. Nítorí náà, kò tíì wọlé.

Ẹni tí ó bá ti Àjọwá wá kò nílò kí a ṣe àlàyé èyí fún un pẹ́. Orúkọ ìlú wa ń sọ ìtàn rẹ̀: àwọn ìletò tí ó ti wà lórí òkè ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n sì jọ wá tẹ̀dó síbì kan. Ìletò kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀ àti èdè ẹnu tirẹ̀ títí di òní. Bí ìpàdé ìlú bá ní kí ìletò kọ̀ọ̀kan mú ẹnìkan wá, a kì í gbọ́ pé ìletò kan mú ìdá méjì nínú mẹ́ta ènìyàn wá. Àwàdà ni èyí lójú àwọn kan, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí kò ka ìwé òfin kankan ni ó ń sọ ọ́ láti 1979, kò sì jìnnà sí ohun tí Eso kọ.

Ìbéèrè ẹ̀jẹ̀ wá dé. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ìgbà náà, tí Àkókó wà nínú rẹ̀, fún Awólọ́wọ̀ ní ìbò tí ó lé ní àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ìjẹ̀ṣà pàápàá kò jìnnà sí i. Ó rọrùn kí a sọ pé adájọ́ náà bá ilé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí ó wà lódìkejì. Fatayi-Williams tí ó ka ìdájọ́ tí ó borí, Yorùbá ni. Kazeem tí ó kọ́kọ́ da ẹjọ́ náà nù, Yorùbá ni. Akínjídé tí ó hun okùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, Yorùbá ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀, èéṣe tí ó fi yadi lẹ́nu àwọn mẹ́ta wọ̀nyí? Obaseki kì í ṣe Yorùbá, síbẹ̀ mẹ́tàlá ni òun náà kà. Àlàyé ẹ̀jẹ̀ kò lè ru ẹrù tí a gbé lé e lórí.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ fún apá kejì. Àwọn tí ó dúró lẹ́yìn ìdájọ́ mẹ́fà ń sọ pé ilé-ẹjọ́ ń wo ìlú: ọjọ́ márùn-ún ni ó kù kí àwọn ológun lọ, bí a bá sì fagi lé ìbò náà, ta ni ó mọ̀ bóyá wọn yóò lọ mọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwúwo, a kò sì lè fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àmọ́ kì í ṣe ohun tí a kọ sínú ìdájọ́ nìyẹn. Bí ìbẹ̀rù ológun bá ni ìdí, ó yẹ kí a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ iye tí a san. Ṣíṣe ìṣirò tí kò gún, kí a sì pè é ní òfin, ni ó dun àwọn ènìyàn títí di òní.

5. Agége Motor Road àti Queen's Drive

Bí Eso bá jẹ́ adájọ́ ẹ̀yà, ẹjọ́ méjì tí ó tẹ̀ lé èyí kò ní rí bí ó ṣe rí.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Èrèlè, 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ní Agége Motor Road ní Èkó, èyí tí ó ń pè ní Kàlàkútà. Wọ́n lu ènìyàn, wọ́n sun ilé náà. Wọ́n ju ìyá rẹ̀, Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé. Obìnrin tí ó ti ṣíwájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lòdì sí owó orí ní ẹ̀wádún 1940, tí Aláké fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan. Ó kú ní oṣù Igbe, 1978. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà ní ọmọ ogun tí a kò mọ̀ ni ó ṣe é. Ìyá náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà sì dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní 1985.

Eso ni ó kọ olórí ìdájọ́ náà. Gbogbo àánú ayé wà lọ́dọ̀ àwọn olùpẹ̀jọ́: Yorùbá ni wọ́n, olókìkí ni wọ́n, a ti fi ìyà jẹ wọ́n ní gbangba. Ó kọ nípa ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn pé ó ga ju òfin ojoojúmọ́ lọ, pé ó ti wà ṣáájú kí àwùjọ olóṣèlú tó wà. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó dá wọn lẹ́bi. Ìdí rẹ̀ ni pé ní 1977, òfin àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó sọ pé ọba kì í ṣẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ wa, a kò sì lè mú ìjọba lọ́ràn nítorí ohun tí àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Òfin ilẹ̀ wa ti 1979 ni ó mú un kúrò, ìyẹn sì ti pẹ́ ju fún Kàlàkútà.

Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá tí ń kọ ìtàn dúró bínú díẹ̀ níbí. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn Ọ̀yọ́mèsì lè kọ Aláàfin, kí ó sì sùn. Ọba tí kì í ṣẹ̀ kì í ṣe àṣà wa rárá. Inú ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó ni a ti sọ ọ́ kalẹ̀, nígbà tí wọ́n sì ti ń pa á tì ní ilẹ̀ tiwọn, tí wọ́n ṣe òfin lórí rẹ̀ ní 1947, àwa ṣì dì í mú. Èmi rò pé Eso lè ti kọ̀ ọ́, kí ó sọ pé àṣà yẹn kò ní ìtumọ̀ ní ilẹ̀ tí kò ní ọba Gẹ̀ẹ́sì mọ́ láti 1963. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú mi, ibẹ̀ ni ó ti kù díẹ̀ káàtó. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú un kù yìí ni ohun kan náà tí ó mú un dúró ní 1979: ó ka ohun tí òfin sọ, ó sì lọ síbi tí ó gbé e lọ, bí ibẹ̀ kò tilẹ̀ wù ú.

Ẹjọ́ kejì ti ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni. Olóyè Chukwuemeka Odumegwu Ojukwu, tí ó jẹ́ olórí Biafra nígbà ogun abẹ́lé, padà dé láti ìlú òdì ní 1982 lẹ́yìn tí Shagari ti foríjì í. Ó ń gbé ilé kan ní Queen's Drive ní Ìkòyí, èyí tí ó ní ti ìdílé bàbá òun ni. Ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó ní àwọn ni wọ́n ni ín. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wà nílé-ẹjọ́, wọ́n kó ọmọ ogun àti ọlọ́pàá lọ, wọ́n sì lé e jáde. Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn pàṣẹ pé kí wọ́n dá a padà. Ìjọba kò ṣe é. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n lọ bẹ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pé kí ó dá ọwọ́ àṣẹ náà dúró.

Ẹ fojú inú wo àkókò náà. 1986 ni, àwọn ológun ni ó ń ṣe ìjọba, Dìkírì ni ó ń fọ̀. Olùpẹ̀jọ́ náà kì í ṣe ẹni tí ọ̀pọ̀ Yorùbá fẹ́ràn. Ogun kò tíì pé ogún ọdún tí ó parí. Ilé-ẹjọ́ náà kọ̀ fún ìjọba. Nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀, Eso sọ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ lo ipá, tí ó sì wá ń tọrọ ojú rere ilé-ẹjọ́ nígbà tí ipá náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ń gbìyànjú láti fi ẹ̀rù sínú ilé-ẹjọ́ ni, kò sì gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ láéláé. Àwọn amòfin ń ka ẹjọ́ yìí títí di òní bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ìjọba wà lábẹ́ òfin.

Nítorí náà, ẹ to wọ́n pọ̀. Ó dá alátakò ìjọba Yorùbá sílẹ̀ lábẹ́ ìjọba Yorùbá. Ó gbà fún Awólọ́wọ̀ nígbà tí Yorùbá mìíràn kọ̀ fún un. Ó dá ìdílé Ransome-Kuti lẹ́bi. Ó gbà fún Ojukwu. A ti wá ẹ̀jẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀, a kò rí i.

Ẹnìkan lè bi wá pé àǹfààní wo ni ó wà nínú ìdájọ́ ẹnìkan tí mẹ́fà borí. Àwọn ará Oǹdó mọ ìdáhùn náà dáadáa. Ní 1983, FEDECO kéde pé Olóyè Akin Ọmọ́bóríowó ni ó wọlé ìbò gómìnà, iná sì tún jó, ẹ̀mí sì sọnù. Olóyè Adékúnlé Ajásin gba ilé-ẹjọ́ lọ, ilé-ẹjọ́ ka ìbò, ó sì dá ipò rẹ̀ padà fún un, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì fi ọwọ́ sí i. Ajásin yìí ni yunifásítì tí ó wà ní Àkùngbá, tí kò jìnnà sí wa, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí àwọn ènìyàn wa bá ti gbà ní 1979 pé gbogbo adájọ́ ni ó ti ta ara rẹ̀, bóyá kò sí ẹni tí ìbá tún gbé ìwé ìbò lọ sí ilé-ẹjọ́ ní 1983.

6. Lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì

Eso fẹ̀yìntì ní 1990, ní ẹni ọdún 65. Ní òpin 1993, ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha ní kí ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò yẹ àwọn adájọ́ ilẹ̀ wa wò. Iṣẹ́ tí ó gorò ni. Ìgbìmọ̀ náà ká gbogbo orílẹ̀-èdè, ó sì dárúkọ adájọ́ 47 tí ó ní kò yẹ kí wọ́n wà lórí àga mọ́. Ìjọba tí ó rán wọn níṣẹ́ gba ìwé náà, ó sì gbé e pamọ́. Ìgbà tí ìjọba alágbádá dé, tí a sì dá Àjọ Àwọn Adájọ́ Orílẹ̀-Èdè sílẹ̀ lábẹ́ òfin 1999, ni wọ́n tó tún un yẹ̀ wò lábẹ́ ìgbìmọ̀ mìíràn tí Adájọ́ Babalákin darí. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá níkẹyìn kéré gan-an sí 47. Àwọn kan nínú àwọn tí a dárúkọ ti fẹ̀yìntì kí ó tó dìgbà náà, wọ́n sì ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì wọn ní àlàáfíà.

Arúgbó náà kò dákẹ́. Nígbà tí ẹjọ́ ìbò di òwò ní ẹ̀wádún àkọ́kọ́ ọ̀rúndún yìí, òun ni ó sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn adájọ́ kan ti di olówó bílíọ̀nù lórí ẹjọ́ ìbò, inú sì bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà lórí àga nígbà náà. Wọ́n ní kí ó dárúkọ. Ó ti dárúkọ 47 lẹ́ẹ̀kan rí.

Ó kú ní London ní ọjọ́ 16 oṣù Belu, 2012, ní ẹni ọdún 87. Ní ọdún tí ó kú, ìpínlẹ̀ Nàìjíríà ti di 36, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 24 gérégé.